Kíbọ́ọ̀dù MIDI Yín Ò Dún? Ẹ Jẹ́ Ká Tọ̀ Ọ́ Látẹ̀yìn Wá

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé: èèyàn á tu owó jọ, á ra kíbọ́ọ̀dù MIDI, á délé, á so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, iná ẹ̀ á tàn, àmọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́, kẹ́kẹ́ pa. Á wá máa yí gbogbo bọ́tìnì ara ẹ̀ kiri, títí á fi gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún un pé ó ti bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sóhun tó ṣe kíbọ́ọ̀dù yẹn o.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan: kò sí ohùn nínú kọntirólà MIDI, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ rà yẹn. Ó dà bíi súìṣì iná ara ògiri, súìṣì kọ́ ló ń mọ́lẹ̀, gílóòbù ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ dò tó wà láàárín, nọ́ńbà lásán ni kíbọ́ọ̀dù ń fi ránṣẹ́, pé wọ́n tẹ kíì 60, pé agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tó 87 nínú 127, tẹ́ ẹ bá sì gbọ́wọ́ kúrò á tún ránṣẹ́ pé wọ́n ti fi 60 sílẹ̀. Ó tán. Inú kọ̀ǹpútà ni pìánò tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ wà, ibẹ̀ náà ló sì máa gbà jáde.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kéèyàn bẹ̀rẹ̀ látorí wáyà bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dún fúnra ẹ̀, láìsí kíbọ́ọ̀dù MIDI níbẹ̀ rárá, ìgbà tó bá dún tán lẹ máa wá mú kíbọ́ọ̀dù wọlé. Tí ò bá wá dún, ẹ ti mọ apá ibi tí wàhálà wà, ẹ ò ní máa wá a kiri gbogbo ilé.

Windows àti FL Studio, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń ṣe orin, ni màá fi ṣàlàyé, torí òun ni mo máa ń rí lórí láptọ́ọ̀pù àwọn tó ń ṣe bíìtì nílé lọ́dọ̀ wa, àwọn míì ṣì ń pè é ní Fruity. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Mac tàbí fóònù, tiyín wà nísàlẹ̀, àmọ́ ẹ ka èyí náà torí ìtẹ̀léra kan náà ni.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Kíbọ́ọ̀dù MIDI yín, ìbáà jẹ́ kékeré oníkíì 25 bíi Akai MPK Mini tàbí oníkíì 49 bíi M-Audio Keystation, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà.

Wáyà USB tó ń gbé dátà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo irú wáyà tí wọ́n fi ń so pírńtà, tẹ́nu ẹ̀ rí bíi igun mẹ́rin, àwọn tuntun kan ti ń lo Type-C.

FL Studio. Trial ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí sáìtì Image-Line tó ṣe é, gbogbo nǹkan ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá sévù ò ní ṣe é ṣí padà títí dìgbà tẹ́ ẹ bá rà á, torí náà kẹ́ ẹ tó pa á lálẹ́ ẹ export iṣẹ́ yín sí WAV tàbí MP3. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gba èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń wọ láptọ́ọ̀pù, nígbà tí nǹkan ò bá wá dún, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ ò ṣe é dáadáa tàbí ayédèrú yẹn ni.

Íápíìsì oníwáyà. Ẹ gbé ti Bluetooth sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, màá sọ ìdí ẹ̀.

Ẹ ò nílò sound card, àpótí ohùn tí wọ́n ń rà lọ́tọ̀, fún ìbẹ̀rẹ̀ yìí o, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé láìsí i kíbọ́ọ̀dù ò lè dún, ọjà ló fẹ́ tà.

Ìgbésẹ̀ 1: Kí láptọ́ọ̀pù kọ́kọ́ dún

Ẹ ki íápíìsì bọ ihò ẹ̀ lára láptọ́ọ̀pù. Mo ní ara láptọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù MIDI, ihò kan wà tó gba jáàkì ńlá 6.35mm, ó jọ ihò íápíìsì tó wà lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, àwọn èèyàn á lọ ra ádápítà nítorí ẹ̀, wọ́n á ki íápíìsì bọ̀ ọ́, wọ́n á wá jókòó máa retí ohùn. Pẹ́dà ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe ihò yẹn fún, wọ́n sì kọ Sustain sí i lára. Ohùn kankan ò lè gbabẹ̀ jáde láéláé. Àfi àwọn mélòó kan tí wọ́n dìídì kó ohùn àti sípíkà sí nínú, bíi MPK Mini Play, tẹ́ ẹ bá sì ní irú wọn, ẹ ò bá má máa ka èyí.

Ẹ ṣí fídíò kan lórí YouTube kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa kọrin.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹ gbọ́ ọ nínú íápíìsì? Tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ kọjá. Tẹ́ ò bá gbọ́, ẹ tẹ àwòrán sípíkà tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún kẹ́ ẹ wo ibi tí Windows ń darí ohùn lọ, ó lè jẹ́ sípíkà Bluetooth tó wà ní pálọ̀ ló ń rán an sí, tàbí TV tẹ́ ẹ fi HDMI so. Ẹ má tíì dé ìgbésẹ̀ kejì tí èyí ò bá tíì dún.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gbé pìánò sínú FL, kẹ́ ẹ fi kíbọ́ọ̀dù lẹ́tà tẹ̀ ẹ́

Ẹ ṣí FL Studio. Ẹ tẹ F10, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Audio sí, níwájú Device ẹ mú FL Studio ASIO. Ẹ pa á dé.

Ẹ tẹ F6 kí Channel Rack jáde. Nísàlẹ̀ ẹ̀ ẹ máa rí àmì +, ẹ tẹ̀ ẹ́, orúkọ oríṣiríṣi ohun èlò á tò wálẹ̀, ẹ mú FL Keys. Pìánò ni, kò nílò kẹ́ ẹ dánlóòdù ohunkóhun kún un, ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní báyìí, ẹ fara balẹ̀ wo ìlà tí FL Keys wà. Iná kékeré aláwọ̀ ewé méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò sì ṣe iṣẹ́ kan náà. Èyí tó wà lápá òsì pátápátá ń sọ fún yín bóyá ohun èlò yẹn ń dún tàbí ẹ ti pa á lẹ́nu mọ́. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, lẹ́yìn orúkọ ẹ̀, ń sọ pé òun ni kíbọ́ọ̀dù ń bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Méjèèjì gbọ́dọ̀ máa tàn. Tí iná ọ̀tún bá wà lórí Kick, ìlù lẹ máa gbọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ kíì, ẹ ó wá máa rò pé pìánò ti bàjẹ́. Tí tòsì bá ti kú, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí di àárọ̀ ọ̀la.

Ẹ wo orí FL, ẹ máa rí àwòrán kíbọ́ọ̀dù lẹ́tà kékeré kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tàn, tàbí kẹ́ ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú T. Ẹ wá tẹ lẹ́tà Z, X, C, V.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Z máa fún yín ní dò, X ní rè, C ní mì, V ní fà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ìdajì iṣẹ́ ti tán, ó sì jẹ́ ìdajì tó le jù. Pìánò wà, ohùn sì ń rí ọ̀nà jáde. Tí kíbọ́ọ̀dù MIDI ò bá wá dún lẹ́yìn èyí, láàárín òun àti FL ni wàhálà wà, ẹ ò gbọ́dọ̀ padà wá fọwọ́ kan ẹ̀ka yìí mọ́.

Tí ò bá dún, ẹ tẹ F9 kí Mixer jáde, ẹ máa tẹ Z léraléra bẹ́ ẹ ṣe ń wo Master, ìyẹn ibi tí gbogbo ohùn FL ń gbà jáde. Tí àmì ohùn ẹ̀ bá ń fò sókè, FL ń dún, Device tẹ́ ẹ mú ni ò dáa, ẹ padà sí F10. Tí ò bá fò rárá, FL Keys ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń tẹ̀, ẹ padà lọ wo iná méjì yẹn, kẹ́ ẹ tún wò ó bóyá Ctrl+T ti pa, torí bó ṣe ń tàn án náà ló ṣe ń pa á.

Ìgbésẹ̀ 3: Wáyà

Ẹ wá so kíbọ́ọ̀dù MIDI mọ́ láptọ́ọ̀pù, tààrà, ẹ má gba inú hub, ìyẹn ádápítà tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀, tàbí ti ara mọ́nítọ̀ kọjá ná.

Iná tó tàn lára kíbọ́ọ̀dù ò jẹ́ ẹ̀rí pé nǹkan ń kọjá. Ó kàn ń sọ pé iná ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni. Wáyà USB kan wà tó jẹ́ chájíìnì nìkan ló lè ṣe, kò ní okùn dátà nínú, ẹ ò sì lè fojú mọ̀ ọ́n, pàápàá àwọn Type-C àti Micro-USB tó bá fìtílà tàbí páwà báǹkì wá. Tí tiyín bá jẹ́ Type-C tàbí Micro-USB, ẹ fi so fóònù tó bá ẹnu ẹ̀ mu mọ́ láptọ́ọ̀pù: tí fóònù bá kàn ń chájì tí kò bi yín léèrè nípa fáìlì, tí láptọ́ọ̀pù náà ò sì rí i, ẹ wá wáyà míì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ tí ò ní USB, tó jẹ́ ihò ràbàtà oníhò kéékèèké márùn-ún nìkan ló wà lẹ́yìn ẹ̀, MIDI Out kíbọ́ọ̀dù ló ń lọ sínú In ti interface, ìyẹn wáyà tàbí àpótí kékeré tó ń so MIDI mọ́ USB. Àmọ́ ìkọ̀wé ara àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú máa ń rú èèyàn lójú, nígbà míì ihò tẹ́ ẹ máa kì í bọ̀ ni wọ́n kọ sí i. Tí ò bá ṣiṣẹ́, ẹ pààrọ̀ méjèèjì. Kò lè ba nǹkan kan jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ṣé Windows rí i?

Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ mú Device Manager, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ "Sound, video and game controllers" sí. Orúkọ kíbọ́ọ̀dù yín yẹ kó wà níbẹ̀, fún àpẹẹrẹ MPK mini, ó sì lè jẹ́ orúkọ gbogbogbòò bíi USB Audio Device.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fojú sí ojú ìwé yẹn, ẹ fa wáyà yọ. Orúkọ kan máa parẹ́. Ẹ so ó padà, á tún yọ. Orúkọ tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn ni tiyín. Tí nǹkan kan ò bá yí padà, Windows ò rí i nìyẹn: ẹ pààrọ̀ wáyà, ẹ pààrọ̀ ihò USB, bí bẹ́ẹ̀ bí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú kíbọ́ọ̀dù òde òní ò nílò dráífà, ìyẹn sọ́fítíwià tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀rọ, lórí Windows 10 àti 11. Àwọn ńláńlá kan nílò ẹ̀, sáìtì ẹni tó ṣe kíbọ́ọ̀dù yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ sì ti gbà á. Ẹ máà jẹ́ kí sáìtì tó ń pariwo "driver updater" tàn yín, ohun tó máa tibẹ̀ wọlé, ẹ ò ní fẹ́ràn ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ṣé FL ń gbọ́ ọ?

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ń há sí, torí Windows rí kíbọ́ọ̀dù, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò sọ fún FL pé kó máa fetí sí i.

Ẹ tẹ F10, ẹ lọ síbi MIDI. Ojú ẹ̀ pín sí méjì, Output lókè, Input nísàlẹ̀. Ẹ fi Output sílẹ̀, kò kàn yín. Nínú Input ẹ tẹ orúkọ kíbọ́ọ̀dù yín, kẹ́ ẹ wá tan Enable. Tẹ́ ò bá rí orúkọ ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé FL ti wà ní ṣíṣí kẹ́ ẹ tó so kíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ Refresh device list. Kíbọ́ọ̀dù kan máa ń mú orúkọ méjì tàbí mẹ́ta wá, ẹ kọ́kọ́ tan èyí tó jọ orúkọ ẹ̀ gangan tí ò sí nǹkan míì lẹ́yìn ẹ̀.

Tí FL bá bínú pé òun ò lè ṣí ẹ̀rọ yẹn, tó ń sọ nǹkan kan nípa memory, ẹ má lọ ra RAM o! Lórí ọ̀pọ̀ Windows, sọ́fítíwià kan ṣoṣo ló lè di kíbọ́ọ̀dù MIDI mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè jẹ́ sọ́fítíwià tó bá kíbọ́ọ̀dù wá ló ṣì ṣí sílẹ̀, tàbí sáìtì pìánò kan tẹ́ ẹ ṣí nínú Chrome láàárọ̀ tẹ́ ẹ gbà á láyè láti lo MIDI. Ẹ pa gbogbo wọn dé, ẹ ṣí FL nìkan.

Ẹ padà sórí FL Keys, kí iná ọ̀tún ẹ̀ wà ní títàn, kẹ́ ẹ wá tẹ kíì kan lára kíbọ́ọ̀dù MIDI.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bẹ́ ẹ bá ti ń tẹ̀ ẹ́, iná kékeré kan máa ń ṣẹ́jú lókè FL lẹ́bàá ibi tó ń kọ àlàyé sí, èyí túmọ̀ sí pé nọ́ńbà ń wọlé. Iná ṣẹ́jú, pìánò dún: ó ti parí, ẹ kú oríire. Iná ṣẹ́jú, pìánò ò dún: ẹ tẹ Z wò, tí Z bá dún, ẹ fo ìgbésẹ̀ tó kàn yìí lọ sí ìkeje, ọ̀rọ̀ octave ni, ìyẹn bọ́tìnì tó ń gbé ohùn gbogbo kíì lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Iná ò ṣẹ́jú rárá: Enable ni, tàbí orúkọ tẹ́ ẹ mú kọ́ ni tiyín.

Ìgbésẹ̀ 6: Ó dún, àmọ́ ó ń pẹ́

Ẹ tẹ kíì, ohùn wá dé lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ ò lè lu nǹkan gidi báyẹn, ọwọ́ á máa dúró de etí.

Kọ̀ǹpútà kì í fi ohùn sílẹ̀ ẹyọ kan ẹyọ kan, ó máa ń kó o jọ díẹ̀ kó tó tú u jáde, ibi tó ń kó o jọ sí ni wọ́n ń pè ní buffer. Tí ohùn bá ń lọ ní ẹyọ 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, buffer 2048 máa gba bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 46 kó tó kún, 512 máa gba bíi 12. Ọwọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ 12 lára, àmọ́ á mọ 46 dáadáa.

F10, Audio, Show ASIO panel, ẹ fa buffer wálẹ̀. Ẹ má sáré fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí tí láptọ́ọ̀pù ò bá lè sáré tó o, ohùn á máa já, á máa ta pàpàpà. Lójú ìwé Audio yẹn kan náà, ẹ máa rí Underruns, iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ò bá a ni ó ń kà. Ẹ máa lu pìánò kẹ́ ẹ máa wo nọ́ńbà yẹn: tó bá ń gòkè, ẹ gbé buffer sókè díẹ̀, tó bá dúró sójú kan, ibẹ̀ ló bá láptọ́ọ̀pù yín mu. Láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 10 sí 20 dáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ gbé Bluetooth sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyí: òun fúnra ẹ̀ máa ń fi ìdádúró tó ju ti buffer lọ fíìfíì kún un, kò sì sí sẹ́tìn tẹ́ ẹ lè ṣe nínú FL tó máa mú un kúrò.

Ìgbésẹ̀ 7: Ó dún, àmọ́ bí ẹni pé ó ń ṣe bó ṣe wù ú

Tí kíì apá kan bá dún tí apá kejì dákẹ́, tàbí gbogbo ẹ̀ dákẹ́ nígbà tí iná ń ṣẹ́jú, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti tẹ Octave láìmọ̀, kíbọ́ọ̀dù wá ń rán nọ́ńbà tó ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ tẹ Octave + àti − pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á padà sáàárín.

Tẹ́ ẹ bá tẹ kíì kan tó wá ń tẹ ara ẹ̀ lọ láìdúró, Arpeggiator ló wà ní títàn. Ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ Arp sí, ẹ pa á.

Pẹ́dà tó ń ṣiṣẹ́ lódì, tó ń fa ohùn gùn nígbà tẹ́ ò tẹ̀ ẹ́, tó sì ń gé e nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́: ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù máa ń wo pẹ́dà nígbà tí wọ́n bá ń tàn. Ẹ fa USB yọ, ẹ ki pẹ́dà bọ ihò ẹ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó dá USB padà.

Sláídà àti bọ́tìnì yíyí ara kíbọ́ọ̀dù náà ò ní ohùn tí wọ́n ń ká sókè fúnra wọn, nọ́ńbà làwọn náà ń rán. Tẹ́ ẹ bá yí wọn tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, kò túmọ̀ sí pé wọ́n bàjẹ́, ẹ ò tíì so wọ́n mọ́ nǹkan kan nínú FL ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Mac

Tiyín yá. Ẹ ṣí GarageBand, ẹ mú Software Instrument, ẹ tẹ Command pẹ̀lú K kẹ́ ẹ fi kíbọ́ọ̀dù lẹ́tà dán an wò bí ti ìgbésẹ̀ kejì. Kẹ́ ẹ wá so MIDI. Nínú Settings, lábẹ́ Audio/MIDI, ó máa kọ iye MIDI tó rí. Tó bá kọ òdo, ọ̀rọ̀ wáyà ni, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo fóònù

Fóònù Android láti 6.0 lọ lè gba MIDI, ẹ nílò ádápítà OTG, kẹ́ ẹ sì ní ápù bíi FL Studio Mobile. Tí kíbọ́ọ̀dù ò bá tàn, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pa OTG nínú Settings fóònù yẹn, àwọn fóònù kan máa ń ní kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tàn án. iPhone láti 15 ti ń lo Type-C, àwọn tó ṣáájú ẹ̀ nílò ádápítà Lightning sí USB, GarageBand sì wà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Tí iPhone bá kọ ọ́ pé iná tí ẹ̀rọ yìí ń fà ti pọ̀ jù, ẹ lo ádápítà tó ní ihò chájà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ fi chájà sí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń tìtorí ẹ̀ ra MIDI nìyí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é dáadáa torí níwájú ìjọ kọ́ ló yẹ kéèyàn ti máa wá ìdí tí nǹkan ò fi dún.

Kíbọ́ọ̀dù ò lọ sínú mixer ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da ohùn pọ̀, láptọ́ọ̀pù ló ń lọ. Wáyà tó dáa ni èyí tó ní jáàkì kékeré 3.5mm ní ẹnu kan, tó wá pín sí jáàkì ńlá méjì ní ẹnu kejì, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún, kí wọ́n lọ sínú channel méjì lára mixer. Ẹ má fi ádápítà kékeré ki stereo, ìyẹn ohùn òsì àti ọ̀tún, bọ ihò mono kan ṣoṣo tó gba ẹyọ ohùn kan, ohùn kan lè sọnù níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ "ùùùù" lábẹ́ ohùn, ẹ yọ chájà láptọ́ọ̀pù fún ìgbà díẹ̀. Tó bá dákẹ́, ara iná chájà ló ti ń wá, DI box, àpótí kékeré tó máa wà láàárín láptọ́ọ̀pù àti mixer, ló ń wò ó sàn, torí ẹ ò lè máa gbára lé bátìrì títí ìsìn á fi parí. Ẹ pa Wi-Fi, ẹ pa gbogbo notification, kí "tíìn" WhatsApp má bàa bá yín kọrin níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí èrò tó dé: kí ẹni tó wà nídìí mixer fa fader méjèèjì, sláídà tó ń gbé ohùn sókè sódò, wálẹ̀ pátá. Ẹ gbé ohùn láptọ́ọ̀pù dé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ tẹ kọ́ọ̀dù kan kẹ́ ẹ má gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀, kó wá máa gbé fader òsì sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹ fi máa gbọ́ ọ, kó fà á wálẹ̀, kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún tọ̀tún. Tí méjèèjì bá dún bákan náà, ẹ ní kó sàmì sí ibi tí fader wà, kẹ́ ẹ sì sévù iṣẹ́ yẹn tẹ́ ẹ bá ti ra FL. Tó bá jẹ́ trial lẹ ń lò, ẹ má pa FL dé mọ́ títí ìsìn á fi parí.